Orù Ìyá Querobina

Nígbà tí Ìyá Querobina wà láyé, bó bá ṣí orù ọtí kíkan rẹ̀ nílé ìdáná, àwọn kannakánná tó bà sórí ṣọ́ọ̀ṣì á sín lẹ́ẹ̀méje, àlùfáà tó ń wàásù nísàlẹ̀ á sì gbàgbé ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé. Ẹni tí òtútù dí nímú ní abúlé kejì, imú rẹ̀ á là gbàràdà. Ajá kan ń kọjá lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ òórùn náà, ló bá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ẹni tó rántí ìyá tó bí i. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ajá náà.

Orù amọ̀ dúdú ni. Ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà, ikùn rẹ̀ yọ síwájú bí ti aboyún ìbejì. Igun ilé ìdáná ló wà, aṣọ funfun bo ẹnu rẹ̀, wọ́n sì fi okùn èèpo àgbọn dì í. Lọ́dọọdún, bí Kérésì bá ti kọjá, Bostião adẹ́mu á gun igi àgbọn, á gbé ẹmu àárọ̀ wá. Ìyá Querobina á fọ́ ọ̀kan nínú àwọn amọ̀ pupa tí wọ́n fi bo òrùlé, á ti àfọ́kù rẹ̀ kan bọnú iná títí á fi pọ́n bí ojú ẹkùn, á fi ẹ̀mú mú un, á sọ ọ́ sínú orù. Ṣààà! Bí ẹgbẹ̀rún ejò tó jọ ń bínú. Àfọ́kù gbígbóná yẹn ló ń mú kí ẹmu tètè kan, wọn kì í sì í yọ ọ́ mọ́. Ọdún mọ́kànlélógójì ni ìyá àgbà náà fi tọ́jú orù yìí, àfọ́kù mọ́kànlélógójì ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú.

Òun àti Piedade, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n jọ ń dáná. Gbogbo abúlé ti ń pe Piedade ní Ìyá Luizinha láti ọjọ́ tó ti bí ọmọ rẹ̀. Querobina nìkan ló ṣì ń pè é ní Ìyàwó, bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e wọlé. Nígbàkígbà tí wọ́n bá sì ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ láti se vindalu, ìyá àgbà á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tó ti bi í ní ìgbà ẹgbàá.

“Ìyàwó, ta ló sọ oúnjẹ yìí lórúkọ?”

“Àwọn Potogí ni, Ìyá.”

“Kí ni wọ́n gbé wá nínú ọkọ̀ ojú omi wọn?”

“Ẹran nínú àgbá, Ìyá. Wọ́n fi wáìnì àti áyù rẹ ẹ́ kó má bàa bàjẹ́ lójú òkun.”

“Kí ni wọ́n ń pè é?”

“Vinha d'alhos. Wáìnì àti áyù.”

“Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́?”

“Wáìnì ò sí mọ́. Wọ́n ti mu ún tán lójú ọ̀nà.”

Ibẹ̀ ni Querobina á ti bú sẹ́rìn-ín, á fi ọ̀bẹ lu pákó. “Ọ̀mùtí! Wọ́n mu ọbẹ̀ wọn tán! Àwọn ìyá wa tó ń dáná fún wọn ló ní, ẹ̀yin ẹ gbé ẹmu àgbọn wá, ẹ jẹ́ kó kan. Wọ́n fi ata sí i, wọ́n fi kumini àti kànáfùrù sí i, ahọ́n wa wá ń lọ orúkọ náà títí ó fi di vindalu. Ohun tó wà nínú orúkọ yẹn ò ju méjì lọ, Ìyàwó: ọtí àti áyù. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò, tó ṣì ń pe orúkọ náà, irọ́ ló ń sè.”

Bí ọbẹ̀ bá jinná tán, á ti ìka ọmọńdinrín rẹ̀ bọ inú ọ̀rá tó léfòó lókè, á fi kan ahọ́n, á di ojú òsì. Bó bá la ojú náà kíákíá, ọbẹ̀ dára. Bó bá pẹ́ kó tó là á, kí Piedade yáa wá ibi sá sí.

Lọ́jọ́ tó máa kú, kò béèrè omi, kò béèrè àlùfáà. Piedade ló pè.

“Ìyàwó, má jẹ́ kí orù mi gbẹ. Ọjọ́ tó bá gbẹ, o ò gbọdọ̀ pe orúkọ yẹn nínú ilé mi mọ́.”

Piedade fi ọwọ́ kan àgbélébùú tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó búra.

Orù náà gbẹ.

Kì í ṣe ìkà ló fà á. Ọ̀lẹ díẹ̀ ni, àti “ó di ọ̀la”. Lọ́dún kìíní, Bostião já bọ́, ó kán lẹ́sẹ̀, kò lè gun igi. Lọ́dún kejì, Piedade ní òun á bẹ adẹ́mu mìíràn, kò bẹ̀ ẹ́. Lọ́dún kẹta, ó tú aṣọ ẹnu orù kó lè bu ọtí kíkan, ìgbakọ bá àfọ́kù nísàlẹ̀: kó! Kò sí ẹ̀kán kan níbẹ̀. Àfọ́kù mọ́kànlélógójì tò sísàlẹ̀ bí eyín inú agbárí. Kíá ló dì í padà, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá àgbàlagbà níhòòhò.

Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Margao, ó lọ ra ọtí kíkan inú ìgò, omi funfun kan báyìí tó mú bí abẹ, tí kò mọ bàbá, tí kò mọ ìyá. Ìgò tó bá tán, á rì í sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀, Zeferino, tí ẹnu rẹ̀ gùn ju ojú irin Bombay lọ, ṣì ń fọ́nnu káàkiri ilé ọtí pé, “Ọtí kíkan ìyá mi! Ẹ fi ìka kan tọ́ ọ wò, irùngbọ̀n á hù lágbọ̀n ìyàwó yín!”

Báyìí lọ̀rọ̀ ṣe wà tí ìgbéyàwó Luizinha, ọmọ wọn kan ṣoṣo, fi kù ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í mú ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ bọ́ àwọn òkú ilé. Iye òkú tí ìdílé bá fẹ́ rántí, iye arúgbó aláìní tí wọ́n máa pè nìyẹn. Wọ́n á jókòó sórí ẹní, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ á wà níwájú olúkúlùkù, olúkúlùkù á sì jẹun lórúkọ òkú kan. Ohun tí òkú náà fẹ́ràn ni wọ́n máa gbé fún un. Bó bá jẹ ewé rẹ̀ mọ́, òkú ti yó nìyẹn, ọ̀nà ìyàwó là. Bó bá dìde láìjẹun... Kò sẹ́ni tó ń parí gbólóhùn yẹn lábúlé wa. Wọ́n kàn máa ń sàmì àgbélébùú ni.

Òkú méje ni ilé Zeferino ní. Rosalin, ìyá arúgbó tó ti ta ẹja gbígbẹ títí eyín rẹ̀ fi dà bí egungun ẹja, ló máa jókòó fún Querobina.

Ọjọ́ Ẹtì ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo abúlé ti jẹun, wọ́n ti sùn. Ọ̀sán tiwa máa ń dákẹ́ débi pé èèyàn á gbọ́ bí aláǹgbá ṣe ń ronú. Piedade dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa dé, ló bá gbọ́ ohùn kan láti ilé ìdáná.

Ṣààà.

Ó dìde, ó lọ wò ó. Eérú inú ààrò tutù. Kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Àmọ́ aṣọ tó wà lẹ́nu orù tutù rinrin.

Ní Sátidé, lákòókò kan náà, òórùn bo ilé. Àwọn adìyẹ ń sín lágbàlá. Zeferino jí, ó fa imú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé.

“Ìyá Luizinha! Ṣé o gbọ́ òórùn yẹn? Orù ìyá mi ti gbọ́ pé ìgbéyàwó dé!”

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá Luizinha. Ẹ sùn.”

“O ò gbọ́ ọ kẹ̀? Ẹni tó ti kú lọ́dún tó kọjá gbọ́ eléyìí!”

“Mo ní kí ẹ sùn.”

Ní ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Piedade rí àwọn ìgò rẹ̀. Mọ́kànlá. Gbogbo èyí tó rì sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìdáná bí ọmọ ilé ìwé, gbogbo wọn kọjú ẹnu sílé. Ó kọ́kọ́ ní ajá ló hú wọn. Lẹ́yìn náà ló wá rí i pé wọ́n mọ́ féfé, kò sí iyẹ̀pẹ̀ kan lára wọn. Ajá kì í fọ ìgò.

Ó kó wọn sínú àpò ìrẹsì, ó tì í sábẹ́ ibùsùn, ó jókòó lé ibùsùn náà. Ó rò ó pé kí òun sọ. Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Fún Zeferino, tó ti sọ fún gbogbo àna láti Bombay pé ọtí kíkan ọdún mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n máa jẹ? Fún Luizinha, tó ń kọrin bó ti ń rán etí ìbòjú rẹ̀? Ó ní, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ àwọn òkú kọjá ná. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì kó sì jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, kí Ìyá wá fi ìgbakọ lù mí.

Ní ọjọ́ Ajé, ó da ìgò kejìlá sórí ẹran. Ó gún kumini, ata àti kànáfùrù, ó wá gún áyù ìlọ́po mẹ́ta, bóyá áyù á bo àṣírí.

Luizinha wọlé, ó fa imú. “Ìyá mi, áyù yìí mà pọ̀ o! Ọkọ mi ní àwọn máa ń fi ànàmọ́ òyìnbó sí i ní Bombay.”

“Sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọmọ yìí!”

“Ta ló ń gbọ́ wa?”

Piedade yíjú sí igun. Ojú rẹ̀ wà lára orù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Wọ́n tẹ́ ẹní méje sí gbàgede, wọ́n tẹ́ ewé méje. Arúgbó mẹ́fà jókòó. Ọmọ Rosalin wá jíṣẹ́ pé orúnkún ìyá òun wú tó àgbọn tútù, kò lè rìn.

“Yéè!” ni Zeferino ní. “Ta ló máa wá jókòó fún Ìyá mi? Ṣé èmi fúnra mi ni? Ẹ̀yin ẹ fún mi ní ìborí!”

Kó tó pa ẹnu dé, ìyá arúgbó kan ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde. Ó tẹ̀, ó kéré, aṣọ funfun tó ti ṣá ló fi borí, okùn èèpo àgbọn ló fi di ìdí. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sórí ẹní keje, ó jókòó. Zeferino rò pé Piedade ló pè é. Luizinha rò pé Rosalin ló rán an wá. Piedade ò rò nǹkan kan, nítorí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ìdáná nìkan ni àlejò ìbá gbà wọlé láìgba gbàgede kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló sì tì í pa láti inú láàárọ̀.

Wọ́n gbàdúrà fún àwọn òkú, wọ́n dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bu ìrẹsì, wọ́n bu ọbẹ̀ edé gbígbẹ. Piedade fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu vindalu síwájú ìyá arúgbó náà, ó sì fẹ́ yára kúrò níbẹ̀.

Ìyá náà ò fọwọ́ kan ìrẹsì. Ó na ìka ọmọńdinrín, ó tì í bọ inú ọ̀rá, ó fi kan ahọ́n. Ó di ojú òsì.

Piedade dúró. Ó ń retí kí ojú náà là. Kò là. Àwọn mẹ́fà yòókù dẹ́kun jíjẹun. Eṣinṣin pàápàá bà sílẹ̀, wọ́n ń wò.

“Ìyàwó,” ni ìyá náà pè.

“Ìyá,” ni Piedade dá a lóhùn kó tó lè fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

“Kí lo pe èyí?”

Zeferino já ọ̀rọ̀ náà gbà lóhùn òkè. “Vindalu ni, Ìyá! Inú orù ìyá mi, ọdún mẹ́rìnlélógójì, bí ẹ bá fi kan—”

“Ṣé ìwọ ni mo bi, Zeferino? Láti kékeré ni ẹnu ẹ kì í sinmi.”

Zeferino pa ẹnu dé. Láti ọdún méjìdínláàádọ́ta tí wọ́n ti bí i, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

“Ìyàwó, kí ló wà nínú orúkọ ẹ̀?”

“Ọtí àti áyù, Ìyá.”

“Mo rí áyù. Áyù pọ̀ níbí bí ẹni ń fi sìnkú. Ọtí dà?”

Piedade gbójú sókè. Luizinha dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àwo ìrẹsì dání, ojú ọmọ náà ti funfun bí ìbòjú rẹ̀. Piedade mọ̀ pé bí òun bá purọ́ báyìí, ìyá yìí á dìde, ewé rẹ̀ á kún níwájú rẹ̀, ọmọ òun á sì gbé ìbínú òkú lọ sílé ọkọ. Bí òun bá sọ òtítọ́, àwọn arúgbó mẹ́fà yìí á gbé e dé gbogbo abúlé kí oòrùn tó wọ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Ó gbẹ, Ìyá. Mo jẹ́ kó gbẹ. Inú ìgò ni mo ti ń dà á láti ìgbà náà. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mi ò sọ fún ọmọ mi. Èmi ni mo jẹ́ kó gbẹ.”

“Kí lo wí?” ni Zeferino ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré bí ti èèrà.

Ìyá arúgbó náà ò la ojú òsì rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ẹran náà sẹ́yìn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Gbé e kúrò. Ẹran lásán ni. Ẹran ni kí ẹ máa pè é. Wá bu ìrẹsì àti edé sí i fún mi, ebi ń pa mí, ọ̀nà mi jìn.”

Piedade yára bù ú débi pé edé ń fò bí ẹni tún padà sáyé. Ìyá náà jẹ ẹ́ tán. Ó fi ìka gbá ewé náà mọ́ tónítóní, ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé.

Piedade sáré tẹ̀ lé e. Kò sẹ́nì kan nínú ilé ìdáná. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì láti inú, bó ṣe tì í láàárọ̀. Òórùn náà dúró gírígírí láàrin yàrá bí èèyàn. Ó yíjú sí igun. Ẹnu orù wà ní gbayawu. Aṣọ funfun tó bò ó ò sí níbẹ̀, okùn tí wọ́n fi dì í ò sí níbẹ̀.

Luizinha ló ké láti gbàgede. Nígbà tí Piedade jáde, ó rí ohun tí ọmọ náà ń nàka sí. Aṣọ funfun tó ti ṣá wà lórí ẹní keje, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n fi okùn èèpo àgbọn lé e lórí.

Zeferino ló kọ́kọ́ la ẹnu.

“Ìyá Luizinha. Ìgò mélòó?”

“Méjìlá.”

“Méjìlá! Mo ti fi ìgò méjìlá búra fún gbogbo agbègbè Salcete!” Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. “Àti pé Ìyá wá sílé mi, ohun tó bá mi sọ ò ju pé kí n pa ẹnu mọ́.”

Ó dìde, ó gbé àkàsọ̀, ó gun òrùlé fúnra rẹ̀, ọkùnrin tí kò gun ohun tó ga ju àga ilé ọtí lọ láti ogún ọdún. Ó fọ́ amọ̀ òrùlé mẹ́rin níbi tó ti ń wá ẹyọ kan, ó sì já bọ́ sórí ilé adìyẹ. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bostião, tó ti ń fi ẹsẹ̀ kan àbọ̀ gun igi báyìí, ó gbé ẹmu wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Piedade ò yọ àfọ́kù mọ́kànlélógójì yẹn, kò fọ̀ wọ́n. Ó da ẹmu lé wọn lórí. Ó ti ẹ̀kejìlélógójì bọnú iná títí ó fi pọ́n, ó sọ ọ́ sínú orù.

Ṣààà. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀kan ló gbọ́ ọ tàbí ẹ̀ẹ̀méjì.

Ìgbéyàwó náà lọ. Òjò ò rọ̀, òrùka ò já bọ́, ọkọ ò sá. Àwọn àna Bombay jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ títí wọ́n fi tú bẹ́líìtì. Zeferino ló ń gbé ìgbakọ kiri.

“Kí lẹ pe èyí, Bàbá Ìyàwó?”

“Ẹran ni.”

“Ẹran tó ta báyìí? Ṣé kò lórúkọ ni?”

“Ó lórúkọ. Orúkọ ẹ̀ ò tíì dé ni.”

Wọ́n rò pé ó ń dápàárá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Láti January ìgbéyàwó yẹn títí dé October, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ náà nínú ilé yẹn. Lọ́sàn-án, bí abúlé bá sùn, Piedade á jókòó ti orù, á fi etí lé e. Nígbà mìíràn á gbọ́ bó ti ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú, bí ẹni tó ń ka ìbéèrè kan náà fún ara rẹ̀ léraléra. Ó máa ń dá a lóhùn. Àwọn Potogí ni, Ìyá. Wọ́n ti mu ún tán lójú ọ̀nà, Ìyá.

Ọjọ́ Àwọn Òkú dé ní ìbẹ̀rẹ̀ November. Wọ́n tún tẹ́ ẹní méje. Rosalin wá lọ́tẹ̀ yìí, orúnkún rẹ̀ ti fọn, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

“Ìyá Luizinha, mo gbọ́ pé ẹ fi òkú rọ́pò mi níjọ́sí! Ṣé ó jẹun jù mí lọ ni?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Piedade náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná láti lọ bu ọbẹ̀. Láti àná ló ti sè é, ó ti tutù, ọ̀rá ti dì lókè rẹ̀, ó pupa, ó sì ń dán bí gíláàsì. Ó ṣí ìkòkò.

Láàrin ọ̀rá náà, ihò kékeré kan wà níbẹ̀. Ó yí po, kò tóbi ju orí ìka ọmọńdinrín lọ.

Piedade yíjú sí orù. Aṣọ ẹnu rẹ̀ tutù. Ó gbé ìkòkò sórí iná, ó dúró tì í títí ihò náà fi yọ́ pa dé, ó bù ú, ó gbé e lọ síwájú Rosalin, ó sì pe orúkọ náà, ohùn rẹ̀ kéré, bí ẹni tó ń pe èèyàn tó ń sùn.

“Vindalu.”

Rosalin tọ́ ọ wò. Ó di ojú òsì.

Piedade di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú. Zeferino, tó gbé ìgò ọtí dání, ò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú náà wà ní dídì fún ìgbà tó gùn tó ọdún mẹ́ta.

Ó là.

“Ó dára, Ìyàwó,” ni Rosalin wí, Rosalin tí kò pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. “Bu sí i.”